Àkọ̀ ni, Kì í Ṣe Ẹsẹ̀: Èrò Kan lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Gbígbẹ́ Fọ́ọ̀kì Alùpùpù Eré-Ìje

Bí a bá wo àwọn àtòjọ èdè-ìperí tí àwọn onímọ̀ ti ṣe ní èdè Yorùbá, a ó rí i pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ nǹkan ni wọ́n ń wá: orúkọ ẹ̀yà ara, orúkọ oríṣi afẹ́fẹ́, orúkọ irinṣẹ́. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, àti èkejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè, fún lítíréṣọ̀ àti fún ìlànà ìkọ́ni. Kò sì sí olóòótọ́ kan tí ó lè fojú kéré iṣẹ́ ńlá náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í dúró lórí orúkọ nìkan. Ẹni tí ó ń gbẹ́ irin nílò kí a sọ ohun tí yóò ṣe fún un, ibi tí yóò ti ṣe é, àti ibi tí yóò ti dá ọwọ́ dúró. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ lò níbẹ̀, kì í ṣe máàkì ìdánwò ni yóò bọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Egungun èjìká ẹnìkan ni yóò dá.

Àpẹẹrẹ kan tí ó fi èyí hàn kedere wá láti ọ̀nà jíjìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn, àwọn kan wà tí wọ́n ń gbẹ́ fọ́ọ̀kì alùpùpù eré-ìje ayé àtijọ́ kí ó lè fúyẹ́, kí ó sì lẹ́wà lójú ẹni tí ó ni ín. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan Yorùbá nínú èyí. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan béèrè nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Babs Fáfúnwá, tí a sì fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Èdè tí a bá há mọ́ ohun tí àwọn tí ń sọ ọ́ ti ń ṣe láti àárọ̀ ọjọ́ kò lè di èdè ìmọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, irú fọ́ọ̀kì kan náà ni ó wà níwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀kadà tí ń gbé èrò kiri ní ìlú Yorùbá lónìí. Àwọn tí ń tún un ṣe sábà máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀kì, orúkọ kan fún nǹkan bí mẹ́wàá, ó sì tó wọn fún òwò wọn. Kò lè tó fún ìwé.

Eré-ìje tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni mótókírọ́ọ̀sì, ìyẹn sísá eré alùpùpù lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, nínú ẹrẹ̀, nínú iyanrìn, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ní Camberley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1924. Ní 1957, FIM, àjọ tí ń ṣe àkóso eré alùpùpù lágbàáyé, bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyè aṣíwájú àgbáyé dá àwọn tí ń gun alùpùpù 500 lọ́lá. Àwọn alùpùpù tí òkìkí wọn kàn ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1975 ni Husqvarna ti ilẹ̀ Swídìn, CZ ti Czechoslovakia, Maico ti Jámánì àti Bultaco ti Sípéènì. Àwọn ilé-iṣẹ́ bí Ceriani àti Marzocchi ní Ítálì, àti Betor ní Sípéènì, ni ó máa ń rọ́jú ṣe fọ́ọ̀kì fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ alùpùpù ìgbà náà. Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn sí i. Èyí tí kì í rìn ju nǹkan bí ìǹṣì 7 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ti ń rìn tó nǹkan bí ìǹṣì 12 nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn alùpùpù àtijọ́ sì di ohun ìfisílé.

Wọn kò pẹ́ nílé. Àwọn ẹgbẹ́ dìde tí wọ́n ń fi wọ́n sáré padà. Ọ̀kan nínú wọn ni AHRMA ti Amẹ́ríkà, tí òfin rẹ̀ fún ìsọ̀rí àwọn alùpùpù ayé àtijọ́ sọ pé fọ́ọ̀kì iwájú kò gbọdọ̀ rìn ju ìǹṣì 7 lọ, kí ẹ̀yìn má sì ju ìǹṣì 4 lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí alùpùpù rẹ̀ dára ju ti ẹnìkejì lọ kò lè mú kí fọ́ọ̀kì rẹ̀ gùn sí i. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó gba fọ́ọ̀kì àtijọ́ náà bí ó ti rí, kí ó wá wo ibi tí ó ti lè dín in kù.

Ó yẹ kí a ti ibi orúkọ àwọn alùpùpù yìí bẹ̀rẹ̀. A kò gbọdọ̀ pè wọ́n ní ògbólógbòó, nítorí ògbólógbòó ni ohun tí lílò ti sọ di jákujàku, tàbí olè tí ẹ̀wọ̀n kò bà lẹ́rù mọ́. A kò gbọdọ̀ pè wọ́n ní àlòkù, nítorí àlòkù lè jẹ́ ti ọdún tí ó kọjá. Ọjọ́ orí tí òfin ẹgbẹ́ yà sọ́tọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún. Alùpùpù ayé-ọjọ́un bá a mu, nítorí ó ní iyì nínú, kò sì sọ pé nǹkan náà ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó nira gan-an ni ti ẹ̀yà fọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí BMW ti ilẹ̀ Jámánì ti gbé alùpùpù tí ó ní fọ́ọ̀kì oníhò-nínú-ihò, tí òróró ń dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, jáde ní 1935, ìrísí rẹ̀ kò yí padà púpọ̀. Apá méjì ni ó ní, ọ̀kan ní ọ̀tún wíìlì, ọ̀kan ní òsì. Apá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan méjì. Ti inú jẹ́ páìpù sítíìlì tí a fi króòmù bò, tí ó ń dán bí dígí; irin ìdìmú dì í mọ́ ọrùn alùpùpù lókè. Ti ìta jẹ́ páìpù alumíníọ̀mù tí a yọ́ dà, tí ó ní ìdí, tí ọ̀pá àárín wíìlì sì so mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ti ìta yìí ni ó ń yọ̀ lọ sókè sódò lára ti inú bí wíìlì bá ti ń gun òkìtì tí ó ń bọ́ sí kòtò. Sípíríǹgì àti òróró wà nínú, rọ́bà ìdáòrórómú sì wà ní ẹnu rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò ṣe dáadáa sí nǹkan yìí. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì ni wọ́n ń lò, nígbà mìíràn fún apá náà lódindi, nígbà mìíràn fún ti ìta nìkan. Bí ògbufọ̀ bá wá kọ ọ́ pé “gbẹ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì kí ó lè fúyẹ́”, kí ni yóò dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró tí kò fi ní gbé páìpù inú sórí ẹ̀rọ? Ojú páìpù inú ni rọ́bà àti búùṣì ń yọ̀ lé. Ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀ rárá. Bí ọ̀bẹ bá ti bó króòmù ara rẹ̀, rọ́bà kò ní mú òróró dúró mọ́, páìpù náà sì di pàǹtí.

Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ìbátan àwọn méjèèjì mu régí. Idà ní àkọ̀, ọ̀bẹ ní àkọ̀. Ohun tí ó wà nínú ń wọlé ó ń jáde. Ohun tí ó wà lóde ń gbà á mọ́ra. Ọ̀pá-fọ́ọ̀kì ni kí a pe ti inú, kí a pe ti ìta ní àkọ̀-fọ́ọ̀kì. Àwọn kan yóò sọ pé ẹsẹ̀ òkè àti ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ rọrùn jù. Ó rọrùn títí di òpin àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ alùpùpù eré-ìje yí fọ́ọ̀kì dojú dé, tí àkọ̀ bọ́ sókè, tí ọ̀pá bọ́ sísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni “ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀” ti di orúkọ nǹkan méjì tí wọn kò jọ ara wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá yí idà dojú dé, àkọ̀ rẹ̀ kò ní tìtorí èyí di idà. Ọ̀rọ̀-ìperí tí a gbé lé ipò nǹkan máa ń yẹ̀ bí ipò bá yẹ̀. Èyí tí a gbé lé ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ ni ó ń pẹ́.

Kí ni ìdí tí ó fi jẹ́ pé àkọ̀ ni wọ́n ń gbẹ́? Ìdí kìíní ni ìwúwo. Lára alùpùpù, àwọn nǹkan kan wà tí sípíríǹgì gbé ró: ẹ́ńjìnnì, ìjókòó, táǹkì epo, ẹni tí ó ń gùn ún. Àwọn kan sì wà lábẹ́ sípíríǹgì tí wọ́n ń bá ilẹ̀ lọ: táyà, rímù, bíréèkì, àti àkọ̀. Bí a bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ti abẹ́ yìí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, yóò di “ìwúwo tí kò ní sípíríǹgì”, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa wá ibi tí sípíríǹgì ti sọnù. Ìwúwo abẹ́-sípíríǹgì àti ìwúwo orí-sípíríǹgì ni ó yẹ. Nígbà tí wíìlì bá forí sọ òkìtì, gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ sípíríǹgì gbọ́dọ̀ ta sókè kíá, kí ó sì tún padà wálẹ̀ kíá. Bí ó bá ti wúwo tó ni yóò ti ṣòro fún sípíríǹgì láti dá a padà tó. Táyà yóò sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Táyà tí ó wà lófuurufú kò lè dúró bí a bá tẹ bíréèkì, kò sì lè yà bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí gíráàmù kan tí a yọ lára àkọ̀ fi níye lórí ju èyí tí a yọ lára ìjókòó lọ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mọ èyí dáadáa nígbà ayé wọn. Alùpùpù Suzuki tí Joël Robert ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù fi gba oyè àgbáyé ti ìsọ̀rí 250 ní 1970, 1971 àti 1972 jẹ́ ohun tí a ti dín kù níbi gbogbo tí ó ṣe é dín, ìfúyẹ́ irú àwọn alùpùpù bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ débi pé FIM fi òfin ìwúwo tí ó kéré jù lélẹ̀ ní 1973.

Ṣùgbọ́n ìdí kejì, ìyẹn ẹwà, ni òtítọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ jù lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń ṣiṣẹ́ náà kì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Ẹrẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ táyà ní ọjọ́ òjò máa ń wúwo ju gbogbo ohun tí ọ̀bẹ yọ lára àkọ̀ méjèèjì lọ. Kò sí ohun ìtìjú nínú kí ènìyàn fẹ́ ohun tí ó lẹ́wà. Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ wá fi ọ̀rọ̀ ìfúyẹ́ bo ọ̀rọ̀ ẹwà mọ́lẹ̀ níbi tí ìwé tí ó ń túmọ̀ bá ti sọ méjèèjì, nítorí pé ohun tí ènìyàn lè ṣe nítorí ẹwà ní ààlà tí ó yàtọ̀ sí èyí tí ó lè ṣe nítorí ìfúyẹ́.

Ní ti iṣẹ́ náà gan-an, èdè Yorùbá kì í ṣe òtòṣì. Father Kevin Carroll, tí ó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, ṣe àkọsílẹ̀ orúkọ ìpele mẹ́rin tí wọ́n ń gbà gbẹ́ ère: ọnà lílé, tí a fi ń yọ ìrísí ńlá jáde lára igi, alétúnlé, tí a fi ń pín ìrísí náà sí wẹ́wẹ́, dídán, tí a fi ń mú ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, àti fínfín, tí a fi ń ya ìlà àti ọ̀ṣọ́ sí i. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń gbẹ́ àkọ̀-fọ́ọ̀kì yóò rí i pé ìpele wọ̀nyí bá a lọ láìsí wàhálà. Ohun tí kò sí ni orúkọ fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá wọ inú rẹ̀. Ìfẹ̀rọgbẹ́ lè ṣe èyí.

Àkọ́kọ́ ni etí. Àkọ̀ tí ó jáde láti ilé-iṣẹ́ máa ń ní àwọn etí kéékèèké lára: etí tí mọ́gáàdì so mọ́, etí tí okùn bíréèkì ń gbà kọjá, etí fún iná tàbí fún ohun tí ń sọ bí eré ti pọ̀ tó. Ẹni tí kò lò wọ́n mọ́ yóò fi ayùn gé wọn, yóò sì fi fáìlì rẹ́ ìdí wọn. Gígé àti rírẹ́ nìyí. Kò tíì kan gbígbẹ́. Ṣùgbọ́n etí kan wà tí kò gbọdọ̀ kúrò. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù ayé-ọjọ́un, bíréèkì iwájú jẹ́ èyí tí ó wà nínú agolo wíìlì, etí kan lára àkọ̀ ni ó sì di àwo bíréèkì náà mú kí ó má baà yí tẹ̀lé wíìlì. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gé etí yìí, ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá tẹ bíréèkì ni àwo náà yóò yí, yóò fa okùn rẹ̀ já, wíìlì sì lè há gádígádí lójijì. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé kí a gé àwọn etí “tí a kò lò”. Ògbufọ̀ tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré yẹn kò ṣe pàtàkì, tí ó kọ “gé gbogbo etí ara rẹ̀”, ti ṣe ohun tí kò ṣe é tún ṣe.

Lẹ́yìn etí ni ara. Ojú àkọ̀ tí a yọ́ dà kì í jọ̀lọ̀. Ó ní èèpo tí ó rí wúruwùru bíi ti iyanrìn tí a dà á sí. Bíbó èèpo yìí yàtọ̀ sí gbígbẹ́, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì dá dúró nínú àtòjọ. Ẹni tí ó bó èèpo kò tíì dín agbára àkọ̀ kù púpọ̀. Ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ti dín in kù. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe é jẹ́ méjì. Nínú ọ̀kan, irin tí a ń gbẹ́ ni ó ń yí, tí ọ̀bẹ dúró. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ irin ń pè ní lẹ́ẹ̀dì. Nínú èkejì, ọ̀bẹ ni ó ń yí, tí irin ń lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ a-yí-irin àti ẹ̀rọ a-yí-ọ̀bẹ ni kí a pè wọ́n. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà ti mọ iṣẹ́ wọn. Ìyàtọ̀ náà ṣe kókó níhìn-ín, nítorí àkọ̀ kì í ṣe róbótó láti òkè dé ìdí. Ibi tí ọ̀pá àárín wíìlì wọ̀ yọ gọngọ síta, nítorí náà ọ̀bẹ ẹ̀rọ a-yí-irin gbọ́dọ̀ dúró kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ a-yí-ọ̀bẹ, àti sùúrù ẹni tí ó mú fáìlì lọ́wọ́, ni yóò parí èyí tí ó kù.

Kò sí oníṣẹ́ gidi tí ń gbé ọ̀bẹ lé àkọ̀ láì kọ́kọ́ wọn ìnípọn rẹ̀ yíká. Nígbà tí wọ́n ń da alumíníọ̀mù, ọkàn iyanrìn tàbí ti irin ni wọ́n fi sí àárín kí inú rẹ̀ lè ní ihò, ọkàn náà sì máa ń yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àkọ̀ tí ó nípọn ní mìlímítà 5 ní ọ̀tún lè má ju 3 lọ ní òsì, ojú kò sì lè rí i láti ìta. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ki ọ̀pá kan tí ó ṣe régí bọ inú ihò àkọ̀, tí ó jẹ́ pé ọ̀pá àkìbọ̀ yìí ni ẹ̀rọ dì mú, kì í ṣe ara àkọ̀. Báyìí ni ojú ìta yóò fi bá ihò inú mu. Bí ẹnìkan bá sì di àkọ̀ tí ó ti fẹ́lẹ́ mú pẹ̀lú agbára, yóò fún un pọ̀, ihò rẹ̀ kò ní rí róbótó mọ́, ọ̀pá yóò sì máa há nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé ara rẹ̀ ni ọ̀bẹ ń wó, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Kò sí ibi tí òwe yìí ti ṣe déédéé tó báyìí. Ẹnu àkọ̀, níbi tí rọ́bà jókòó sí, ní kòtò nínú fún wáyà tí ó dè é, nítorí náà ó ti fẹ́lẹ́ ju bí ojú ti rí i lọ. Ibi tí búùṣì ń yọ̀ lé kò gbọdọ̀ rọ̀. Ìdí àkọ̀, níbi tí wíìlì so mọ́, ni gbogbo ìjì ilẹ̀ ń kọ́kọ́ bá. Àárín nìkan ni ó kù fún ọ̀bẹ láti ṣeré.

Ọ̀rọ̀ ohun tí a fi ṣe é tún wà níbẹ̀. Yorùbá máa ń pe oríṣiríṣi nǹkan ní irin, a sì máa ń fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́, èyí kò léwu. Ṣùgbọ́n lára àwọn alùpùpù tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún àwọn agbabẹ́rẹ́ eré wọn, magnísíọ̀mù ni wọ́n fi ṣe àkọ̀ nígbà mìíràn, kì í ṣe alumíníọ̀mù. Méjèèjì funfun, méjèèjì fúyẹ́: kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà kan alumíníọ̀mù jẹ́ gíráàmù 2.7, ti magnísíọ̀mù sì jẹ́ nǹkan bí 1.74. Èérún magnísíọ̀mù tí ọ̀bẹ yọ máa ń gbiná. Bí a bá sì da omi sí i, iná náà yóò ru sí i ni. Iyanrìn gbígbẹ ni wọ́n ń kó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ìwé tí ó bá pe méjèèjì ní “irin funfun” ti ti iná bọ ilé oníṣẹ́. Níhìn-ín, kí a yá orúkọ àwọn àjèjì náà, kí a kọ ọ́ bí Yorùbá ṣe ń pè é, kí a má sì tijú. Àwọn tí wọ́n ní gbogbo nǹkan ni a gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ pè kò tíì dúró ti ẹ̀rọ rí.

Ní ti dídán, sáńpépà oríṣiríṣi, láti èyí tí ó le dé èyí tí ó kúnná, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fi aṣọ àti ìpara gbá a títí tí ojú yóò fi hàn nínú rẹ̀. Alumíníọ̀mù tí a fi sílẹ̀ ní ìhòòhò báyìí máa ń ṣú padà. Àwọn kan a máa kùn ún ní ọ̀dà. Àwọn mìíràn a rì í sínú ásíìdì, wọn a fi iná mànàmáná mú kí awọ líle kan hù lára rẹ̀. Èyí kì í ṣe kíkùn, a kò sì gbọdọ̀ túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀: ọ̀dà jẹ́ ohun tí a gbé lé e, awọ yìí jẹ́ ohun tí ó ti ara rẹ̀ jáde. Lára alumíníọ̀mù tí a yọ́ dà, tí sílíkọ́nì pọ̀ nínú rẹ̀, awọ náà máa ń rí eérú-eérú, kì í sì í dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ti kọ́ èyí lẹ́yìn tí owó ti jáde lápò.

Ibi tí ìjà èdè-ìperí gbóná sí jù ni ọ̀rọ̀ líle. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni àwọn ògbufọ̀ fi ń túmọ̀ nǹkan mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yà sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé ìyá àgbà tí ń ta ẹran mọ ìyàtọ̀ wọn. Ohun tí ó le ni èyí tí a kò lè họ lójú bọ̀rọ̀, bí òkúta. Ohun tí ó gan ni èyí tí kì í tẹ̀ bí a bá fà á. Ohun tí ó yi ni èyí tí kì í ya bọ̀rọ̀, bí ẹran màlúù àgbà. Dígí le, kò yi. Rọ́bà yi, kò gan. Àwọ líle tí ásíìdì àti iná mànàmáná fún àkọ̀ mú kí ojú rẹ̀ le, kò mú kí ara rẹ̀ gan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kà á pé àkọ̀ tí a ti gbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ “ti wá le sí i” yóò rò pé ohun tí ọ̀bẹ gbà ni awọ ti dá padà. Ìròpin rẹ̀ léwu. Ìlíle, ìgan àti ìyi gbọ́dọ̀ wọ inú àtòjọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kí a má sì gba èyíkéyìí láyè láti jẹ oyè ẹnìkejì.

Ó ku ẹ̀kẹrin, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní àárẹ̀ irin. Àárẹ̀ kò bá a mu ní Yorùbá. Ẹni tí ó rẹ̀ máa ń sinmi, ara rẹ̀ a sì yá. Alumíníọ̀mù tí a ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkìtì lù kò mọ ìsinmi. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i nínú kò ní kúrò bí a tilẹ̀ gbé e kọ́ ògiri fún ogún ọdún. Ó ti gbó ni. Gbígbó irin ni kí a pè é. Ìlà jíjìn tí ọ̀bẹ fi sílẹ̀, tàbí igun mímú níbi tí a gé etí sí, ni gbígbó náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fẹ́ kí igun rí rùmúrùmú, kí ojú ibẹ̀ sì dán. Dídán níhìn-ín ju ọ̀ṣọ́ lọ.

Àpẹẹrẹ ìṣirò kan yóò jẹ́ kí gbogbo èyí yé àwọn olùkọ́ tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kí a mú àkọ̀ kan tí ìdábùú ìta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 44, tí ìdábùú ihò rẹ̀ jẹ́ 36. Ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 4. Bí a bá gbẹ́ ẹ títí ìdábùú ìta fi di 42, ní gígùn mìlímítà 250, alumíníọ̀mù tí ó bọ́ sílẹ̀ yóò wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 91, èyí tí ó jẹ́ ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo apá ibẹ̀. Àkọ̀ méjèèjì yóò fúyẹ́ ní nǹkan bí gíráàmù 182. Ṣùgbọ́n ìgan páìpù ń tẹ̀lé ìdábùú tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìgan apá ibẹ̀ yóò dín ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ó sọnù nínú ìgan ju ohun tí a jèrè nínú ìfúyẹ́ lọ, ó sì ń pọ̀ sí i bí ọ̀bẹ ti ń wọlé. Àkọ̀ Ceriani tàbí Betor ti ìgbà náà tí a bá sì ti gbẹ́ jù kò ṣe é dá padà. Àtijọ́ tí ó kù nínú ayé ti dín kan.

Nínú ìṣirò yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ tí ó rẹlẹ̀ jù lọ lójú ògbufọ̀ wà. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ a-yí-irin tí ó sọ pé òun yọ mìlímítà 2, ìdábùú ni ó ń wí. Ìnípọn àkọ̀ dín ní 1 péré. Ẹni tí ń fi fáìlì ṣiṣẹ́, tí ó sì sọ ohun kan náà, ìnípọn ni ó ń wí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka “yọ mìlímítà 2 kúrò” tí ó mú un sí ìnípọn, àkọ̀ onímìlímítà 4 yóò di 2, ìgan rẹ̀ yóò sì dín ju ìdajì lọ. Níbi tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá ti kọ ọ́ ní ṣókí, kí ti Yorùbá gùn: “Gbẹ́ àárín àkọ̀-fọ́ọ̀kì títí ìdábùú ìta rẹ̀ yóò fi dín ní mìlímítà 2, ìyẹn ni pé ìnípọn rẹ̀ yóò dín ní mìlímítà 1 yíká, má ṣe kan ẹnu rẹ̀, má ṣe kan ìdí rẹ̀, má sì ṣe gé etí bíréèkì.”